Iyọ̀ Ìyá Mi àti Mọ́tò Tó Dógùn-ún

Bí ẹ bá dé Lálúpọn lásìkò tí àwọn obìnrin ń yan gàrí, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín, òórùn kíkan tó gbóná, tó ń wọ inú aṣọ tí kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Àárín òórùn yẹn ni mo gbé mọ́tò tuntun tí àwọn ọmọ mi pawọ́ pọ̀ rà fún mi wọ agboolé wa. Inú rẹ̀ ń rùn bíi bàtà tuntun. Ara rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àkùkọ fi ń rí ara wọn nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá òjìji ara wọn jà.

Ìyá mi, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ní kí wọ́n bu iyọ̀ wá. Kò sí ohun tuntun tó wọ agboolé wa, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, tí ìyá mi kì í fi iyọ̀ wúre fún. Ó fi ìka mú díẹ̀, ó wọ́n ọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, ó ní, "Bísímílà. Iyọ̀ kì í bá ọbẹ̀ jà. Mọ́tò yìí kò ní bá ọ jà." A ṣe àmín. Ọmọ mi obìnrin ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti nu iyọ̀ náà kúrò, torí àwọn ewúrẹ́ ti ń fi ahọ́n wá a.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ló kọjá tí ọ̀dà ẹ̀yìn mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi èékánná kàn án, ó ṣí, ìpáàrà pupa ló wà nísàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí ìwé wáráńtì tí wọ́n fún wa sọ pé bí irin bá dógùn-ún kí ọdún mélòó kan tó pé, àwọn tó tà á ni yóò tún un ṣe. Mo lọ bá wọn n'Íbàdàn, wọ́n ní ọ̀gá kò sí. Mo padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Mo tún lọ, wọ́n ní eruku abúlé ló fà á. Mo bi wọ́n pé ojú ọ̀run ni wọ́n rò pé ẹni tó ń ra mọ́tò ń gbé ni.

Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ èèyàn kí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," kí n tó sọ pé mo ń bínú. Ọmọ mi obìnrin tó bá mi lọ fi fọ́tò ọjọ́ tí mọ́tò dé hàn án, kó lè rí i pé kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá sún fóònù mọ́jú.

"Kí ni Màmá mú dání yìí?"

Mo ní, "Iyọ̀ ni. Wọ́n ń ṣàdúrà sí i."

Ó dá fóònù padà. "Bàbá, iyọ̀ ló jẹ irin yín. Wáráńtì kò dé ibẹ̀."

"Iwájú ni wọ́n wọ́n ọn sí. Ẹ̀yìn ló dógùn-ún."

"Iyọ̀ máa ń rìn, Bàbá."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Iyọ̀ tí kò tó èyí tí èèyàn fi ń jẹ ẹyin sísè, tí ewúrẹ́ ti jẹ nínú rẹ̀, tí mo fi àkísà nu ìyókù, ó dìde, ó gun òrùlé, ó sọ̀ sẹ́yìn, ó sì wọ abẹ́ ọ̀dà láìba bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wọ́n ọn sí jẹ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń rìn, kí la tún ń fi mọ́tò ṣe?

Ǹ bá ti kà á sí ìjà mọ́tò lásán, àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí ìyá mi. Ó ní kí n mú òun dé ìdí mọ́tò. Ó fọwọ́ pa ibi tó wú náà, ìpáàrà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló fà á?"

"Rárá o, Màámi. Irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Ṣùgbọ́n wọ́n kàwé."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kó wá wúre fún ẹnikẹ́ni, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ìgbà yẹn ni ìbínú mi kúrò ní ti ọ̀dà.

Mo padà lọ bá wọn. Nínú àgbàlá wọn lọ́jọ́ náà, mo bá olùkọ́ kan láti Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú irú mọ́tò mi gan-an, ẹ̀yìn tirẹ̀ náà wú níbi kan náà. Mo fa ọ̀gá jáde, mo mú un dúró láàárín mọ́tò méjèèjì.

"Ìyá ta ló wọ́n iyọ̀ sí tèyí?"

Olùkọ́ náà ní, "Ìyá tèmi ti kú kí n tó ra mọ́tò."

Àwọn oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n gba mọ́tò méjèèjì wọlé, wọ́n ha á, wọ́n sì tún un kùn.

Nígbà tí mo lọ gba tèmi, mo sọ fún ọ̀gá pé ó ku ohun kan: kó bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó ní kì í ṣe iyọ̀. Ó ní, "Bàbá, mọ́tò yín ti dára. Kí ló tún kù?" Ó ní òun kò láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó láṣẹ láti sọ pé iyọ̀ ni, kò láṣẹ láti sọ pé kì í ṣe iyọ̀.

Mọ́tò yẹn ni mo fi gbé ìyá mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ mi ní Erúnmu. Nígbà tí àwo iyọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó rọra tì í sí mi. "Ìwọ ni kí o fi kàn án lẹ́nu." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo kì í bọ inú iyọ̀, mo gbé e dé ẹnu ọmọ. Ọmọ lá a, ó tún la ẹnu. Mo ní, "Màámi, ó ń béèrè sí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń nù ún títí.

Ọ̀dà mọ́tò náà ṣì ń dán. Àwọn èèyàn a máa kí mi pé mo jà, mo sì ṣẹ́gun. Àwọn tó ta mọ́tò mọ bí a ti ń ha irin, wọ́n mọ bí a ti ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ìpáàrà tiwọn ni wọ́n fi sí arúgbó lọ́wọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó tọ ọ̀nà Lálúpọn wá nù ún.