Ẹni Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wá fún Ọmọ Mi

Èmi ni mo bá ọmọ mi wá ibi iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ìyókù, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, kò sẹ́ni tí mo lè bá jà.

Àkọ́bí mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà ní Pólì. Ilé ìwé ní kí wọ́n lọ wá ibi tí wọ́n á ti fi oṣù mélòó kan kọ́ṣẹ́ níta, èyí tí wọ́n ń pè ní IT. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí tiwọn. Tèmi á jáde láàárọ̀ ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, á wá a dé Yemẹtù, dé Òkè Padre, á sì fajú ro wálé. Àwọn tó ń ya pátákó ìpolówó ní kó wá máa gbálẹ̀. Baba rẹ̀ ní kó lọ gbálẹ̀ náà. Èmi kò gbà.

Télọ̀ ni mí, ní Bẹẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin kan gbé kọ́tìnnì wá fún mi rán, tí mo sì bá a gbé e lọ kọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni, nísàlẹ̀ Màpó. Mo rò pé pálọ̀ ni, àfi bí mo ṣe wọlé tí mo rí àwòrán lára gbogbo ògiri. Ó ní àwọn tó ń ya àwòrán ló ń kó tiwọn wá, kí èèyàn lè wá wò ó, kí wọ́n sì rà á. Orí àga tí mo gùn ni mo ti bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò lè gba ọmọ mi síbí, kó wá ṣe IT?”

“Ṣé ó mọ àwòrán wò?”

“Ó ń yà á, mà.”

“Mi ò bèèrè ìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ní kó wá lọ́la.”

Àǹtí lọmọ mi ń pe obìnrin náà, kò sì pẹ́ tí “Àǹtí sọ pé” fi wọ ilé wa. Àǹtí sọ pé kò yẹ kí ògiri kún jù, lọmọ mi bá yọ gbogbo kàlẹ́ńdà pálọ̀ wa. Bí mo bá to aṣọ méjì ti ara wọn, tí mo bi í bóyá wọ́n bára mu, á ní òun á bi Àǹtí. Èmi! Èmi tí mo ti ń to àwọ̀ pọ̀ kó tó dáyé! Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń yà sí, á jókòó, á máa bá mi ṣẹ́tí aṣọ. Ní báyìí, tí mo bá pè é lórí fóònù, á ní, “Màámi, mo ṣì wà lọ́dọ̀ Àǹtí.”

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ṣí àfihàn àwòrán tuntun níbẹ̀, wọ́n ní kí èmi náà wá. Mo fa àǹkárá kan tí mo ti tọ́jú yọ, aláwọ̀ ọsàn, mo fi rán gáùn fún ọmọ mi, mo to ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Mo fẹ́ kí gbogbo ojú yí sí i. Ó wọ̀ ọ́ jáde nílé.

Ìgbà tí mo débẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, gáùn dúdú kan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Tèmi dà?”

“Ó wà nínú báàgì, Màámi. Àǹtí ló bá mi ra èyí. Wọ́n ní ká wọ dúdú, kí àwọn àlejò lè máa wo àwòrán, kí wọ́n má máa wò wá.”

“Àǹtí ló bí ẹ?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń gbọ́.”

Mo yẹ ojú rírán gáùn dúdú náà wò. Ó gún régé. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Ó lọ bá àwọn àlejò. Mo dúró ti kọ́tìnnì tí mo rán, mo ń wò ó. Ó ń nawọ́ sí àwòrán, ó ń fi ohùn kan tí kò lò nílé rí sọ̀rọ̀, àwọn àgbà ọkùnrin sì ń mirí. Ọ̀kan nínú wọn bi obìnrin náà pé ọmọ ta nìyí.

“Ọmọ mi ni,” ló wí, ó fọwọ́ lé e léjìká.

Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀. “Rárá o. Èmi ni mo bí i.”

Gbogbo ojú yí sí mi.

“Òótọ́ ni,” obìnrin náà wí. “Ìyá rẹ̀ nìyí. Àwọn náà ló rán kọ́tìnnì wa.”

Ọmọ mi kò gbójú sókè. Iwájú ló ń rìn títí a fi délé.

“Ẹ̀yin lẹ mú mi débẹ̀,” ó sọ lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé kí n má lọ mọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ló wà lẹ́nu mi. Mo ní, “Máa lọ.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin náà gbé aṣọ wá fún mi rán. Ó jókòó sí ibi tí ọmọ mi máa ń jókòó sí.

“Ọmọ yín lágídí,” ó ní. “Ta ló fi jọ?”

“Èmi ni.”

“Mo rí i bẹ́ẹ̀.”

Mo rán aṣọ náà dáadáa. Ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́ jákujàku ṣe.

Ó ti padà sílé ìwé báyìí. Ìgbà tí èsì ìdánwò rẹ̀ jáde, ó pè mí, ó ń pariwo ayọ̀. Mo ṣe Àlùhámúdúlílàhí. Mo wá ní kó pe Àǹtí rẹ̀, kó sọ fún un.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màámi.”

Kò sọ pé òun á pè é. Mo mọ̀ pé ó ti pè é kó tó pè mí.