Kẹ̀kẹ́ Tí Gbogbo Agboolé Jọ Ni

Òórùn gíríìsì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ lágboolé wa ní Òkèrèwè. Àwọn bàbá á ti dojú kẹ̀kẹ́ wọn dé, wọn á máa yá ara wọn ní nǹkan kí wọ́n tó lọ sóko. Ẹni tí kò ní jáde lọ́jọ́ náà á yọ táyà ẹ̀yìn fún ẹni tí tirẹ̀ ń jò, á sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Bàbá mi a máa sọ pé, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Ẹsẹ̀ mi òsì ti rọ láti kékeré, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Bàbá ni mo fi ń lọ sílé ìwé. Nígbà tó kù díẹ̀ ká ṣèdánwò ìwé mẹ́fà, àbúrò Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ tuntun wá fún un láti Ìbàdàn, pupa fòò, tó ń dán. Inú Bàbá dùn débi pé ó tú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ palẹ̀, ó pín in fáwọn ará ilé. Ìyá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Olówó Òkèrèwè!"

Kò pẹ́ tí ṣéènì tuntun fi já. Gbogbo agboolé kó ṣéènì jáde, kò sí èyí tó bá eyín rẹ̀ mu. Bàbá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

"Àwọn tó ṣe é nìkan ló ń ta ṣéènì rẹ̀," ló wí, "wọn kì í sì í tà á lásán, àfi kéèyàn ra táyà ẹ̀yìn àti pẹ́dàlì mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ká má baà ra tẹlòmíràn. Owó ọwọ́ mi ò sì tó o."

Ìdánwò ku ọ̀la. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá Ràfíù, aládùúgbò wa tó gba ṣéènì àtijọ́, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ wá.

"Ẹ gbà, Bàbá Dúpẹ́. Ọmọ yìí ò ní jókòó sílé."

Ni àwọn yòókù bá ń kó tiwọn bọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ti dìde. Mo ṣèdánwò náà, mo sì yege.

Lónìí mo ti ní mọ́tò tara mi. Láìpẹ́ yìí ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí Ẹdúnàbọ̀n. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n kó irinṣẹ́ jáde, wọ́n ṣí iwájú rẹ̀, wọ́n tún pa á dé.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àfi àwọn tó ṣe é."

Mo jókòó sínú ọkọ̀ olówó ńlá, mo ń retí wọn, àánú ara mi sì ṣe mí. Ọmọ tó ń tiro lọ́jọ́sí kò ní nǹkan kan, àmọ́ gbogbo agboolé ló gbé e dé ilé ìwé.