Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀ Baba Onígbàjámọ̀

Nígbà tí ara Baba onígbàjámọ̀ ṣì dá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àdúgbò ti ń gbọ́ ìròyìn kó tó dórí rédíò. Bó ṣe ń fárí ló ń dápàárá. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tó pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run. Aládùúgbò kan ló ń gbé oúnjẹ wá, á gbé e kalẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ránṣẹ́. Téèyàn bá tẹ àwòrán kan lójú ẹ̀rọ náà, á sọ̀rọ̀. Baba tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọmọ pe fóònù títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ló bá bẹ ilé ìwòsàn. Wọ́n rán Ìyá Ìrọ̀rùn.

Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ilé dé ilé, kó wo bí ẹni tí ara ti kọṣẹ́ fún ṣe ń jẹun, bó ṣe ń wọṣọ, kó sì wá ohun èlò tó máa bá a mu. Òun náà ń dá gbé ni.

"Ẹ jẹ́ n wo bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó, Baba."

Baba tẹ àwòrán abọ́. "Ebi ń pa mí," ni ẹ̀rọ wí, bí ọmọ iléèwé tó ń kàwé. Baba wá na ọwọ́ òsì sí àga kejì nínú pálọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Obìnrin náà wo àga náà. "Ta lẹ sì fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Baba mi orí pé kò sí.

Ó jáde lọ bá fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì, oníbàárà Baba látijọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Baba máa ń sọ fún yín?" Ohùn fọ́gánáísà ha gan-an, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ọ̀kan nínú àpárá náà. Obìnrin náà gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ bó ṣe ń dá àpárá náà, ó mú àwòrán tóbi nítorí ìka tó ń gbọ̀n, ó so ẹ̀rọ mọ́ apá òsì àga, ó sì gbé àga sẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin kan ń kọjá. Baba tẹ̀ ẹ́.

"Ta ló fá irun yìí fún ọ, ṣé eku ni?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó díẹ̀. Ẹnu Baba wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín ni.

Láti ìgbà náà, ẹnì kan tàbí méjì máa ń yà. Tójò bá rọ̀, kò sẹ́nì kankan.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìrọ̀rùn wá dágbére, Baba di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan lójú ẹ̀rọ, kò rí i.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n tíì lọ ni?"

Baba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí fọ́gánáísà nítòsí, Ìyá Ìrọ̀rùn bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ: "Má tíì lọ." Baba tẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà. Ó tún jókòó.

Ṣùgbọ́n aláìsàn mìíràn ń retí rẹ̀. Ó ti dé ojú títì nígbà tó tún gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn, láti inú ẹ̀rọ Baba: "Má tíì lọ." Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ.