Orúkọ Ìyá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi ṣe títí dọ́jọ́ ikú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí omi òjò wọlé tó ba àwọn fọ́tò àtijọ́ jẹ́, orí ló yọ ọ́, ó ti da gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan ló fi ń pe fáìlì rẹ̀.

Ìyàwó méjì ló fẹ́. Màmá mi ni ìkejì, ó sì ti kó lọ sí Obalende láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, nítorí ojoojúmọ́ ni ìyáálé rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Èmi dúró ti bàbá mi.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyáálé, pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kì í dáhùn tí mo bá kí i! Ó fa àga fún mi.

"Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Báwo ni mo ṣe lè rí gbogbo fọ́tò ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, láì máa tú fódà kọ̀ọ̀kan?"

Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ kọ orúkọ ẹni náà síbí yìí lókè. Tó bá ti kó wọn jáde, ẹ séèfù ìwákiri yẹn, kí ẹ fún un lórúkọ. Kì í ṣe fọ́tò ló ń tọ́jú o, ìbéèrè yín ni. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí i, á tún wá a lákọ̀tun."

"Tí ọ̀kan bá sá pamọ́ sí fódà mìíràn ńkọ́?"

"Á rí i, bọ̀dá mi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé fọ́tò bàbá ló fẹ́ wá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni màmá mi wá. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fẹ́: èyí tó ti gbé àbúrò mi obìnrin dání, ọmọ tó kú kó tó mọ ìrìn. Òun nìkan ni fọ́tò ọmọ náà láyé. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sá fún un. Ikú bàbá ló jẹ́ kó wù ú láti rí i.

Ìyáálé rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ obì. Ẹ̀gbọ́n mi tan kọ̀ǹpútà, ó ní kí màmá mi jókòó síwájú rẹ̀.

"Wò ó dáadáa. Ṣé o rí i?"

"O"! Sí ìyàwó bàbá rẹ̀!

Ìwákiri tí mo kọ́ ọ ló ṣí. Orúkọ ìyá mi ló kọ sínú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní "Ìdọ̀tí". Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àràárọ̀ ni mò ń ṣí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èyí tó bá kó jáde, mo máa pa á rẹ́. Ó ti mọ́ tónítóní báyìí. O ò gbé ilé yìí rí."

Màmá mi wò mí, ó tún wò ó. "Èyí tí mo gbé ọmọ dání ńkọ́?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ pa rẹ́."

Ìyáálé rẹ̀ tu obì sílẹ̀. "Kí lèèyàn tiẹ̀ ń fi fọ́tò àbíkú ṣe?"

Mo ti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wo ibi tí kọ̀ǹpútà ń da nǹkan nù sí; ẹ̀gbọ́n mi ti kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dànù. Mo fi orúkọ ọmọ náà wá a, mo fi orúkọ bàbá wá a, mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò dá mi lẹ́kun. Ó káwọ́ mọ́yà, ó ń wò mí bí ẹni ń wo eré.

Màmá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa gbélé yín o."

Èmi náà tẹ̀ lé e, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ní Obalende, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fọ́tò náà fún mi kó má baà gbàgbé. Ó ní fìlà ọmọ náà funfun. Nígbà tó ṣe, ó ní àwọ̀ ọsàn ni. Láìpẹ́ yìí, bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà, ó bi mí bóyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

"Ó rẹ́rìn-ín, Màámi," ni mo wí.

Mi ò rántí.