Jẹ́ẹ̀lì Tó Dì Lójú Oòrùn

Oṣù mẹ́wàá ni Ọláfimíhàn ti ń kọ́ṣẹ́ èékánná ní Ìkọ̀tun, lọ́dọ̀ Olútóyìn tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mádáámù Tóyìn, kò sì tíì rí bí wọ́n ṣe ń ki fọ́ọ̀mù bọ abẹ́ èékánná rí. Ẹ má rò pé ojú ló ń dùn ún o. Ojú ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọn ò jẹ́ kó rí i ni.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè ní kí ló ń jẹ́ fọ́ọ̀mù. Pépà kékeré kan báyìí ni, ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, wọ́n ya ìlà sí i lára bíi rúlà. Èékánná tó wọ́pọ̀, wọ́n á kàn fi gúlù lẹ ike mọ́ ọn, ó parí. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọge ìsinsìnyí ń wá kiri, kò sí ike ńbẹ̀. Wọ́n á gé pépà yẹn kó bá ìka oníkálukú mu, wọ́n á kì í bọ abẹ́ orí èékánná, wọ́n á wá máa fi bọ́rọ́ọ̀ṣì da jẹ́ẹ̀lì lé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi mọ èékánná tuntun bí ẹni ń mọ ìkòkò. Wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú láǹpù, iná aláwọ̀ àlùkò yẹn á mú kó le. Tí wọ́n bá ṣí pépà kúrò, èékánná á dúró gbọin. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀, inú pépà ló wà. Tí pépà bá tẹ̀ sílẹ̀, èékánná á dà bí ẹnu igún. Tó bá fi àlàfo sílẹ̀, jẹ́ẹ̀lì á ṣàn gba abẹ́ lọ, kọ́sítọ́mà á sì gbé e dé ilé kó tó já.

Ibi tí iṣẹ́ bá wá ti kan pépà báyìí, Mádáámù Tóyìn á gbójú sókè.

"Fíhàn, lọ ra píọ̀ wọ́tà wá."

Fíhàn á sáré lọ. Kó tó dé, pépà ti wọlé, jẹ́ẹ̀lì ti gorí ẹ̀.

"Fíhàn, lọ wò ó bóyá ọmọ ti jí."

"Fíhàn, jẹnẹrétọ̀ yẹn ń dún bákan, lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kó lọ wo ìta bóyá òjò máa rọ̀. Nínú ọyẹ́ o! Àwọn kọ́sítọ́mà bú sẹ́rìn-ín, Fíhàn sì jáde lọ wo ojú ọ̀run, torí ọmọ iṣẹ́ kì í bá ọ̀gá jiyàn.

Mádáámù ní ìdí tiẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Promise lorúkọ ẹ̀. Ó kọ́ Promise tinútinú, kò fi nǹkankan pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Promise gba fúrídọ́ọ̀mù tán, ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì, ó ń juwọ́ sí àwọn kọ́sítọ́mà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó dun Mádáámù wọnú eegun. Ó ní láéláé, òun ò tún ní fọwọ́ ara òun gbẹ́ kòtò tí òun máa já sí.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé Fíhàn ló gba ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì ni? Ọmọ yìí kò wá lọ́wọ́ òfo. Gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sínú lísìtì fún ìyá ẹ̀ ló rà pé: fáìlì, bọ́rọ́ọ̀ṣì, láǹpù tuntun tó ń lo bátìrì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni Mádáámù ti gbé láǹpù yẹn sórí tábìlì tiẹ̀, ó ní ti ṣọ́ọ̀bù ni. Fíhàn gbálẹ̀. Ó pọnmi. Ó pọn ọmọ. Ó fọ aṣọ tí kò wọ̀. Iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ wá, abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá ló wà. Ọ̀gá tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ tó wá ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún un, olè ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ ẹ̀. Tí wọ́n bá jí fóònù èèyàn, á ra òmíràn. Ta ló ń ta ọdún?

Fíhàn náà wá bẹ̀rẹ̀ sí jalè padà. Lálaalẹ́ tó bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á ṣa àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lò nínú garawa ìdọ̀tí, á nù wọ́n, á kó wọn sínú agolo mílíìkì kan. Bí dókítà ṣe ń wo ìwé àyẹ̀wò ló ṣe ń wo ojú ibi tí sísọ́ọ̀sì Mádáámù gbà. Ó rí i pé ẹni tí èékánná ẹ̀ tẹ́jú, Mádáámù kì í gé nǹkan púpọ̀ kúrò. Ẹni tí ìka ẹ̀ sanra, á bu igun méjèèjì. Ti àtàǹpàkò, á gé e wọnú bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Fíhàn á fi báírò kọ orúkọ oníka sẹ́yìn pépà kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ilé wọn ní Ìgándò, á máa fi páálí bísíkíìtì gé irú ẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ.

Ó ku oṣù méjì péré kó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ìyẹn ló ń lé e léré. Ọmọ tó gba fúrídọ́ọ̀mù tí kò lè ki pépà, ìlú á fi ṣẹ̀sín ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Mádáámù lọ sí ìpàdé àwọn òbí ní ilé ìwé ọmọ ẹ̀ àgbà ní Ìdímù. Kò pẹ́ tó lọ ni Olúwapẹ̀lúmi wọlé, obìnrin kan tó ń ta wíìgì ní Ẹ̀gbẹ́dá, kọ́sítọ́mà pàtàkì, ẹnu ẹ̀ sì mú bí bíléèdì.

"Tóyìn dà?"

"Wọ́n jáde mà. Ẹ jókòó, wọ́n máa tó dé."

"Kí n jókòó ṣe kí ni? Mo fẹ́ ya fọ́tò àwọn wíìgì mi ní aago mẹ́rin. Ọwọ́ mi ló máa hàn ńbẹ̀, wo bó ṣe rí!" Ó wo Fíhàn látòkè délẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Àbí ìgbálẹ̀ nìkan lo mọ̀ ọ́n dì mú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

"Mo lè ṣe é mà."

Iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ ti kọṣẹ́ látàná. Láǹpù ní bátìrì lára, ìyẹn ò le, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, èèyàn ò sì lè fi ojú lásán ki pépà nínú òkùnkùn. Fíhàn gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé wàà. Ó ṣí jẹ́ẹ̀lì, ó gbé e kalẹ̀. Ó wá ṣí agolo ẹ̀, ó wá fọ́ọ̀mù tí Mádáámù gé fún Pẹ̀lúmi lọ́jọ́sí, ó fi ṣe àwòṣe, ó gé tuntun, ó kì í bọ abẹ́ ìka ìfábẹ̀lá.

Ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò sí àlàfo kankan. Ó da jẹ́ẹ̀lì lé e, ó fà á gùn, ó fi sínú láǹpù, ó ṣí pépà kúrò.

Pẹ̀lúmi gbé ìka yẹn sókè. "Ah-ah! Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló mọ̀ pé o mọ nǹkan báyìí? Ó ṣe tán, ṣe ìyókù kíá."

Ìka kejì, bọ́rọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ìka kẹta, jẹ́ẹ̀lì ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá. Ó wo inú ike, ó rí i pé awọ ti bò ó lójú bí ògì tó ti ń tutù. Ọmọ tó ti ń po ògì láti kékeré, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Ó rò ó bí ògì. Ó ki bọ́rọ́ọ̀ṣì bọ ìsàlẹ̀, ó ń rò ó kí èyí tó dáa lè wá sókè. Kò mọ̀ pé ṣe lòun ń gbé ti ìsàlẹ̀ jáde fún oòrùn láti jẹ. Ó bu lé ìka kẹta, ó dì síbẹ̀ gbáǹgbà kó tó rí i tẹ́ sílẹ̀, ó sì gbóná.

"Yéè! Ó ń jó mi! Ìwọ ọmọ yìí, ó ń jó mi!"

Ẹnu igbe yẹn ni Mádáámù Tóyìn wọlé bá wọn. Kò kí kọ́sítọ́mà, kò bèèrè ọwọ́ ẹni tó ń jó. Ike jẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ gbé. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ti gan mọ́ inú ẹ̀, ó dúró bí ọ̀pá àsíá.

"Ta ló ní kó o ṣí jẹ́ẹ̀lì sójú oòrùn? Oòrùn àti láǹpù, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni? Òpònú! Olórí kunkun!"

Ẹ ṣàánú gbọ́ o. Oṣù mẹ́wàá, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá nìyẹn. Èébú ló sì fi gbé e jáde.

"Ẹ ò sọ fún mi rí mà."

"Ṣé mo máa sọ fún ẹ? Ojú ẹ fọ́ ni? Ṣé o rí mi kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣiṣẹ́ rí?"

"Ẹ máa ń rán mi jáde ni mà."

Mádáámù gbá a létí. Pẹ̀lúmi ṣu ẹnu jọ, ó na ọwọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bá mi yọ pàǹtírí yìí kúrò lọ́wọ́ mi jàre." Ó wá gbé ìka ìfábẹ̀lá sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan èyí. Èyí dáa."

Mádáámù gbá ìka yẹn mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó dá iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ mọ̀. Ìgbà tó rí agolo mílíìkì lórí tábìlì, tó rí orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ lẹ́yìn pépà, ó pariwo tí àwọn ará òdìkejì títì fi yọjú.

"Olè! Promise kejì ni mo ń bọ́ nínú ilé! Lọ pe ìyá ẹ wá. Kò sí fúrídọ́ọ̀mù kankan mọ́!"

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Fíhàn wá. Ará Oǹdó ni, tíṣà ni, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Primary Four fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Inú ìjọ aláṣọ funfun ló wà, ẹ̀bẹ̀ ò sì ṣòro fún un. Ó ti ní kí Fíhàn kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mádáámù, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ bá mi nà án sí i. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ má gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Mummy. Á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọdún kan gbáko, látorí ìgbálẹ̀."

"Ọdún kan?" Ìyá Fíhàn sún gíláàsì ojú ẹ̀ sókè. "Kí lẹ ti wá kọ́ ọ nínú oṣù mẹ́wàá yìí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ò ní nóòtì, Mummy. Ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ."

"Ó ní ẹ máa ń lé òun síta."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀."

Fíhàn gbórí sókè lórí ìkúnlẹ̀. "Mádáámù, ẹ gé pépà ẹyọ kan níwájú màámi, kí n máa wò yín. Ẹyọ kan péré. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, màá sìn yín fún ọdún méjì."

Mádáámù wo sísọ́ọ̀sì tó wà lórí tábìlì. Ó wo òdìkejì títì.

"Kí n gé e kó o lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù lé mi lórí? Ta lo fẹ́ sọ di wèrè?"

Ìyá Fíhàn dìde. "Tí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ohun tí mo kọ́ ọ, ẹ̀bi ẹ̀ ni. Tó bá fìdí rẹmi nínú ohun tí mo fi pamọ́ fún un, èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n nà. Fíhàn, dìde. Láǹpù ẹ dà?"

"Láǹpù ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, Mummy."

"Ilé mi ni rìsíìtì ẹ̀ wà." Ó gbé e, ó fi sínú báàgì tó fi ń gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ó jáde.

Mádáámù tẹ̀ lé wọn dé etí gọ́tà. "Mo fẹ́ rí ọ̀gá tó máa fún un ní fúrídọ́ọ̀mù ní gbogbo Ìkọ̀tun yìí! Kódà títí dé bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure! Gbogbo wọn ni màá pè!"

Ó sì pè wọ́n lóòótọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá méjì ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Fíhàn pé kó má wulẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn.

Bí wọ́n ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, orí Fíhàn ni ìyá ẹ̀ wá kọjú sí.

"Má rò pé mo gbè sẹ́yìn ẹ o! Ẹni tó jókòó ti ọjà ọlọ́jà tí ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó tún jó ọmọ ọlọ́mọ níka! Oṣù mẹ́wàá! Kí ló dé tó ò tètè sọ? Ẹnu ẹ wà fún oúnjẹ nìkan ni?"

Ó ń bá a wí títí wọ́n fi dé inú ọjà Ìkọ̀tun. Ó dúró níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣaralóge, ó ra fọ́ọ̀mù róòlù kan àti jẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ó ń bú ọmọ, ó ń ná ọjà. Wọ́n dé Ìgándò, ìbínú ò tíì rọlẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ti ìwé àwọn ọmọ Primary Four sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń kọ ojú pátákó ti mú awọ ọwọ́ yẹn gbẹ. Èékánná àtàǹpàkò ẹ̀ wọ́, ó sì kúrú.

"Ọwọ́ nìyí. Ìjọ wa ò fẹ́ irú nǹkan yìí, tí wòlíì bá rí i lọ́wọ́ mi, mo gbé. Sátidé, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò. Tó o bá sì jó mi, wàá rí iná tó ju ti láǹpù lọ."

Kò sí irú àtàǹpàkò yìí nínú gbogbo èyí tí Fíhàn ti ṣà jọ, agolo ọ̀hún sì ti wà lọ́wọ́ Mádáámù. Ó gé pépà bó ṣe rò pé ó yẹ, ó kì í wọlé. Àlàfo tó lè gba ìrẹsì wà lápá òsì.

Ìyá ẹ̀ bojú wò ó látòkè gíláàsì.

"Kò bá a mu. Gé òmíràn."