Ọbẹ̀ tí Ìbíyínká Sè fún Alápatà

Obìnrin kan wà ní Ọ̀kà, ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ó ń jẹ́ Ìbíyínká. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kò sì joyè kankan. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kan àfi ìwé ìrìbọmi ìjọ. Ohun tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ni olú. Kò sí ọ̀gán tí olú ń hù ní ìdí rẹ̀, láti ẹ̀yìn ilé wọn títí dé ọ̀nà Ìpè, tí kò mọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni yóò ti gbé agbọ̀n. Èyí tí wọn kò bá jẹ tán, yóò sá a sí orí àpáta, yóò sì fi òkúta kéékèèké tẹ ewé mọ́ ọn lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ọkọ rẹ̀ kú kí ó tó bí ọmọ kankan, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìyá wọn náà kú, ó fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì sílẹ̀. Ìbíyínká gbé àbúrò rẹ̀ yìí pọ̀n. Òun ni ó já a lẹ́nu ọmú, òun ni ó kọ́ ọ ní iná dídá àti owú rírán. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, Sàláwù tí ó ń pa ẹran ní ọjà Ìkàrẹ́ wá fẹ́ ẹ. Ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀, ó sì gba orúkọ Àsàmáù. Bàbá wọn kò bínú sí i. Ó ní ẹ̀sìn yàtọ̀, ìbátan yàtọ̀.

Ọdún tí àrùn lùkúlùkú pa ènìyàn káàkiri ni bàbá náà kú. Sàláwù àti ìyàwó rẹ̀ wá ṣe òkú àna. Ezekiel, arákùnrin Ìbíyínká, jẹ́ ọdẹ. Ó gbé ẹtu kan wá láti inú igbó, Ìbíyínká sè é, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì bù ú fún Sàláwù. Sàláwù jẹ ẹ́, ó sì yìn ín.

Ó ní, “Ẹran yìí dára. Ta ló dú u?”

Ezekiel ti mu ẹmu díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá àyà, ó ní, “Ìbọn mi ló dú u! Kí n tó dé ìdí rẹ̀, ó ti kú fin-ín-fin-ín.”

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Sàláwù tu èyí tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ síta, ó fi omi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Òkúǹbete, ẹran tí a kò dú, ni ẹ fi bọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn. Mo fi Ọlọ́run búra, ohunkóhun tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lára kò tún ní kan ẹnu mi nínú ilé yìí títí n ó fi kú.” Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà. Ó sì kọ̀ fún un láti tún tẹ ilẹ̀ Ọ̀kà.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Láàárín rẹ̀, Àsàmáù bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ràfíátù. Ẹnu àwọn ọlọ́jà ni Ìbíyínká ti gbọ́. Ó lọ sí Ìkàrẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ru ẹ̀gúsí àti olú gbígbẹ. Wọ́n fún un ní omi, ó mu ún lórí ìdúró, kò sí ẹni tí ó ní kí ó jókòó. Ó rí ọmọ náà lókèèrè, lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì rin ọ̀nà jíjìn náà padà ní ọjọ́ kan náà.

Hámzàt, ẹ̀gbọ́n Sàláwù tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀kà pé, “Ní ọ̀túnla ọjà, èmi àti Sàláwù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ se oúnjẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́, ìjà parí. Bí kò bá jẹ ẹ́, n kò tún ní dá sí i mọ́.”

Nítorí náà oúnjẹ kan ṣoṣo ni Ìbíyínká ní láti fi gba àbúrò rẹ̀ padà. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ tí kò ní ẹran, tí kò ní ẹja, fún ọkùnrin tí kì í jẹun láìjẹ́ pé ẹran wà níbẹ̀, nítorí pé ìdí ẹran ni ó ti ń jẹ.

Bridget, ìyàwó Ezekiel, ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí wọ́n ń gbìmọ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká din àkàrà.”

Ìbíyínká mi orí. “Àkàrà tí a din nígbà tí a ń ṣe òkú bàbá? Ṣé kí ó jẹ ẹ́ kí ó rántí?”

“Ẹ̀wà ńkọ́?”

“Ẹ̀wà dára.”

“Kò dára. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè fún àwọn tó ń la ọ̀nà fún ìjọba. Yóò ní a kà òun mọ́ alágbàṣe.” Bridget fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. “Ẹ kúkú se ẹ̀bẹ fún un, kí ó lè bi yín pé ta ni ara rẹ̀ kò yá.”

“Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ò ń bá mi rò ó ni àbí ò ń fi mí ṣẹ̀sín?”

“Méjèèjì ni, ọkọ mi. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Àlejò bí ológbò ńkọ́? Iyán ni kí a gún, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan tí ọwọ́ lè bà nínú, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ pé a fi ọbẹ̀ òfìfo kí àna.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó wọ Ìbíyínká lára. Ní Ọ̀kà, bí ènìyàn bá gbé ọbẹ̀ tí kò ní ẹran síwájú àlejò, ó dà bí ẹni pé ó sọ fún un pé kí ó má tún wá mọ́. Ìbíyínká gbé agbọ̀n rẹ̀, ó sì lọ wo àwọn ọ̀gán.

Òjò ti rọ̀ ní ìjẹta. Ó rí olú ọ̀gán tí ó fẹ̀ bí àwo, ó sì ká a kún agbọ̀n. Ó ti ra ìkòkò méjì ní ọjà, tuntun, tí ẹran kankan kò tíì kàn. Ó pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta, ó sì fi eérú fọ̀ ọ́. Ó lọ ẹ̀gúsí láìfi omi sí i títí ó fi ń yọ epo. Ó gún olú díẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú iyọ̀, ata àti irú, ó wé e sínú ewé, ó sì gbé e ka iná. Nígbà tí ó dì, ó gé e ní gígé ńláńlá, ó sì din ín nínú epo pupa títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ó kó o sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, pẹ̀lú ìyókù olú tí ó fi ọwọ́ ya.

Ezekiel yọjú sí ibi ìdáná, ó wo inú ìkòkò, ojú rẹ̀ là.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹran wo nìyí? Ẹ ò ní kí n dẹ ìgbẹ́ kankan o!”

Inú Ìbíyínká dùn. Bí ó bá tan ọdẹ jẹ, ó jọ ẹran nìyẹn. Kò ro ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè já sí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí ni àwọn àlejò dé, ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà tuntun bo ẹsẹ̀ wọn títí dé orúnkún. Hámzàt ni ó ṣíwájú. Sàláwù tẹ̀ lé e, ó ga, apá rẹ̀ kì, ó kí àna rẹ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Àsàmáù dé kẹ́yìn, Ràfíátù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọn kò sọ ju “ẹ kúulé” àti “ẹ káàbọ̀” lọ, nítorí pé a kò tíì jẹun.

Wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n fọ ọwọ́. Bridget gbé iyán wá, ó funfun, ó ń rú èéfín. Ìbíyínká gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ṣí i.

Hámzàt ti ní “Bìsímílà”. Sàláwù na ọwọ́, ó rí ohun tí ó wà nínú ọbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lókè. Ó dìde.

Ó ní, “Ẹ̀yin àna mi, ẹ tún ṣe é! Ẹran nìyí lójú mi!”

Bridget ké pé, “Ẹran wo? Olú ni! Olú àti ẹ̀gúsí!”

“Olú wo ni wọ́n ń gé ní gígé báyìí? Ojú mi kò fọ́ o. Àsàmáù, gbé ọmọ rẹ, ó yá.”

Àsàmáù kò dìde. Ó di etí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú bí ó ti máa ń ṣe ní kékeré.

Hámzàt kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Sàláwù, iṣẹ́ wo ni ò ń ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ iṣẹ́ mi.”

“Fi ẹnu rẹ sọ ọ́.”

“Alápatà ni mí.”

“Ó ti tó ọdún mélòó?”

“Ọdún kẹtàdínlógún.”

“Nígbà náà kí ni o ń bi obìnrin sí? Ìwọ ni ó yẹ kí a máa bi. Mú ọ̀kan, kí o wò ó dáadáa. Ìbúra rẹ sọ pé kò ní kan ẹnu rẹ. Kò sọ ọwọ́.”

Sàláwù lọ́ra kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ègé kan, ó sì jáde lọ sí ìta gbangba níbi tí oòrùn wà. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ya á bí ènìyàn ṣe ń ya ẹran láti mọ ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ gbà, kò sì ya. Ńṣe ni ó rún wómúwómú. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó wá iṣan, ó wá ọ̀rá, ó wá awọ. Kò rí ọ̀kan.

Nígbà tí ó padà wọlé, Ìbíyínká ti lọ gbé agbọ̀n olú, ọmọ ọlọ tí ẹ̀gúsí ṣì lẹ̀ mọ́, àti ìkòkò tuntun wá sí iwájú rẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀.

Ó ní, “Àna mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí ó jọ ẹran, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọbẹ̀ òfìfo ni mo fi kí yín. Ó yẹ kí n fi olú sílẹ̀ kí ó máa jẹ́ olú. Ti ìjọ́sí náà, ọwọ́ mi ni mo fi bù ú. N kò mọ̀ pé ẹ ń bèèrè bí ẹran ṣe kú. Ní ilé tiwa, ẹran ṣáà ni ẹran. Ẹ̀yin kò sọ fún mi, èmi náà kò bi yín.”

Sàláwù wo ìkòkò náà, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀ tí kò tíì dúdú tán. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wá jókòó, ó bu iyán, ó ki í bọ ọbẹ̀, ó mú ègé kan pẹ̀lú rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Ó tún bu òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé èyí wá sí ọjà Ìkàrẹ́. Ebi yóò pa mí.”

Hámzàt rẹ́rìn-ín débi pé iyán fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́rùn. Ó kọjú sí Ezekiel tí ó jókòó sí igun kan. “Ọdẹ, ta ló dú olú yìí?”

Ezekiel ní, “Ẹ má bi mí o. Ọwọ́ ìbọn mi mọ́ nínú rẹ̀.”

Sàláwù pẹ̀lú rẹ́rìn-ín níkẹyìn.

Ìkàrẹ́ ni ó padà sí ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Ó ní kí Àsàmáù àti ọmọ dúró títí di ọjà tí ó ń bọ̀. Ìbíyínká fi àkùkọ kan lé e lọ́wọ́, láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní dídè, pé kí ó lọ dú u ní ilé ara rẹ̀.

Ìbúra kò yẹ̀ o. Títí Sàláwù fi kú, kò jẹ ẹran nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tí ó fi lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ránṣẹ́ láti Ìkàrẹ́ pé ṣé olú ti hù. Ìbíyínká kò tún gé ẹ̀gúsí bí ẹran fún un mọ́. Ó ń ṣe é ní róbótó, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ohun tí ó jẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n jẹun yẹn, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ, Àsàmáù ń fọ àwo pẹ̀lú Bridget. Ràfíátù kọ́kọ́ sunkún, ó ní òun kò mọ obìnrin yìí. Ìbíyínká kò bẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó fún un ní ègé olú díndín kan, ó gbé e pọ̀n, ó sì gun orí àpáta lọ yí èyí tí ó sá sí oòrùn padà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́.