Ẹgbẹ̀tàlá Ó Dín Ọgọ́rin

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgbò-Ọrà, ó ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sókè: iye wo ló kéré jù lọ tí a lè fi oókan dé ẹẹ́wàá pín láìṣẹ́kù? Ó ṣírò títí, ó pe 2,520 lédè òyìnbó. Mo ní, "Ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rin nìyẹn!" Ó ranjú mọ́ mi. Kò mọ̀ pé iye ebè bàbá mi ló pè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, orí fóònù lẹ ti ń rí oko. Nígbà tiwa, bí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, gbogbo ilé á kọrí sí ọ̀nà Tápà lọ kọ ebè iṣu. Ebè bàbá mi kì í lé, kì í dín: ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rin. Àwọn ará oko a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí kò kúkú kọ ọ́ pé ẹgbẹ̀tàlá. Bàbá á rẹ́rìn-ín. Ebè mélòó kan tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń pín oko bàbá tirẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìjà náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Ló bá fi hóró àgbàdo wá iye tí kò ní dá ìjà sáàárín ọmọ tirẹ̀. Méje ni wá, ìyá kan náà ló bí wa. Òjìdínnírinwó ebè ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọwọ́ pàápàá. Ìyá rẹ̀ ní í bá a tọ́jú tirẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá fẹ́ ìyàwó kejì láti Igangan. Àǹtí là ń pè é. Ó bí ìbejì kí a tó kọ ebè ọdún yẹn tán. Inú ilé dùn, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ ìpín, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Bọ̀dá Múfú, fajú ro. "Bàbá, inú ikùn kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n sí ẹyọ kan."

Ní Ìgbò-Ọrà! Níbi tí ìbejì pọ̀ bí ewé ìlasa! Àǹtí pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì mọ́ àyà, ó ń wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Kékeré ni mí, àmọ́ mo mọ̀ pé bí a bá yọ ọmọ rẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àlejò ni yóò máa jẹ́ nínú ilé wa.

Bàbá ò bínú. "Bí ẹ bá ní mẹ́jọ ni yín, ó pín: ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ní mẹ́sàn-án, ó pín: ọ̀rìnlérúgba. Bí ẹ bá pé mọ́kànlá ni ebè kan á ṣẹ́kù, òkété á sì jẹ ìyẹn." A bú sẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Iye yìí ò ní gbèjà ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ iye tí ẹ jẹ́."

Ìyá mi ló dìde, ó gba ọmọ tó wà láyà Àǹtí, ó gbé e lé èjìká. "Ọmọ mi mẹ́sàn-án ni. Múfú, lọ fi igi sàmì sí tàwọn àbúrò rẹ." Bọ̀dá Múfú ń kùn, àmọ́ ó lọ.

Wọ́n ti kọ́lé sórí oko náà báyìí, ọmọ tó sì mọ ebè kọ ti di ọ̀wọ́n. Síbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀, torí mo rí i bí àwọn ọmọ wa ṣe ń wá ara wọn kiri láti Èrúwà dé Ìbàdàn. Ìyá mi bí ọmọ méje. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé mélòó ló bí, mẹ́sàn-án la máa ń wí. Táíwò àti Kẹ́hìndé pàápàá, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wí.